Kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀, tó ń háǹgì, tó ń kú lójijì: bí ẹ ṣe máa wá ìdí rẹ̀ lórí Windows

Tí kọ̀ǹpútà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ohun méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ yá àwọn èèyàn lára. Àwọn kan á lọ wa ètò kan jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tó ń ṣèlérí pé òun á fọ kọ̀ǹpútà mọ́ tónítóní. Àwọn míì á nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, wọ́n á tún Windows gbé sí i látìbẹ̀rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ yẹn kì í sábà ṣe nǹkan kan ju pé ó ń fi ẹrù kún ẹrù. Ti ìkejì máa ń yanjú ọ̀rọ̀ nígbà míì, àmọ́ tó bá jẹ́ pé hard disk ló ń kú lọ, tàbí pé eruku ló dí fáànù, ìṣòro náà á tún padà wá bá yín lórí Windows tuntun. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni ibi tí iṣẹ́ ti ń há. Ibi mẹ́rin ló ti sábà máa ń há: processor (CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà), RAM (ibi tó ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), disk (ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí) àti ooru. Windows 10 àti 11 la máa gbájú mọ́ níbí. Ọ̀rọ̀ ṣókí lórí Linux àti Mac wà nísàlẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ da àwọn fáìlì tí ẹ ò fẹ́ pàdánù kọ sórí disk míì tó wà níta kọ̀ǹpútà náà. Kì í ṣe sórí D: o. C: àti D: sábà máa ń jẹ́ disk kan ṣoṣo tí wọ́n pín sí méjì, tí ọ̀kan bá lọ, èkejì á bá a lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà BitLocker yín (BitLocker ni ohun tí Windows fi ń ti disk pa). Lórí ọ̀pọ̀ laptop tó ń lo Windows 11, disk ti wà ní títì látọjọ́ tí wọ́n ti fi àkáǹtì Microsoft ṣètò rẹ̀, ẹni tó ni ín lè má tiẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá yí nǹkan kan padà nínú BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dìde), ojú ìwé búlúù kan lè yọ, tí á máa béèrè nọ́ńbà oní-dígíìtì 48. Tí nọ́ńbà yẹn ò bá sí, kò sí oníṣẹ́ tó lè bá yín ṣí disk náà. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú X, ẹ yan Terminal (Admin). Lórí Windows 10, PowerShell (Admin) ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ wá kọ:

manage-bde -protectors -get C:

Tí disk bá wà ní títì, nọ́ńbà náà á jáde lábẹ́ Numerical Password. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé gidi, ẹ má fi pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà kan náà. Ó tún sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft yín, ní account.microsoft.com/devices/recoverykey.

Ẹ tún ṣe ibi ìpadàsí kan fún Windows. Ẹ ṣí Start, ẹ kọ Create a restore point, ẹ yan C:, ẹ tẹ Configure, ẹ yan Turn on system protection, ẹ fún un ní àyè bíi 5%, kí ẹ wá tẹ Create. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, pípa ni wọ́n pa á sí. Kò lè dá fọ́tò tàbí lẹ́tà tó sọnù padà fún yín; driver (ètò tó ń jẹ́ kí Windows bá ohun èlò ṣiṣẹ́), registry (ibi tí Windows ń kọ ìṣètò rẹ̀ sí), fáìlì Windows àti àwọn ètò tí ẹ gbé wọlé ló wà fún.

Látibí lọ, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ kí ẹ tó kọjá sórí òmíràn. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́fà padà pa pọ̀, tí kọ̀ǹpútà sì yá, kò ní mọ èwo ló ṣiṣẹ́. Tó bá tún burú sí i, kò ní mọ èyí tó máa dá padà.

Restart, kì í ṣe Shut down

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé táwọn bá ti pa kọ̀ǹpútà lálẹ́, tí wọ́n tún tàn án láàárọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ tí Fast Startup bá wà ní títàn, títàn ló sì sábà máa ń wà. Tí ẹ bá tẹ Shut down, Windows á pa àwọn ètò yín, àmọ́ á tọ́jú kernel (àárín gbùngbùn Windows) àti àwọn driver bí wọ́n ṣe wà sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ hiberfil.sys, á sì kà á padà tí ẹ bá tún tàn án. Driver tó ti dojú rú lánàá á tún jí pẹ̀lú yín lónìí. Restart ni kì í lo fáìlì yẹn.

Ẹ lè rí i fúnra yín: ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc kí Task Manager ṣí, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU, ẹ wo Up time. Tó bá ń ka ọjọ́ 20, bẹ́ẹ̀ alaalẹ́ lẹ ń pa kọ̀ǹpútà, ohun tí a ń sọ nìyẹn. Ẹ tẹ Restart, kí ẹ tún wo bóyá ìṣòro náà ṣì wà. Ìdá tó pọ̀ nínú "Bluetooth mi ò ṣiṣẹ́ mọ́" àti "prínítà ò dáhùn" máa ń parí síbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ pa Fast Startup pátápátá: Control Panel, Power Options, Choose what the power buttons do, ẹ tẹ Change settings that are currently unavailable, ẹ yọ àmì tó wà níwájú Turn on fast startup, ẹ tẹ Save changes. Lórí SSD (disk tí kò ní ohun tó ń yí nínú), ẹ lè má mọ̀ pé ó yàtọ̀ rárá. Tí Windows àti Linux bá jọ wà lórí kọ̀ǹpútà kan, dandan ni kí ẹ pa á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, disk Windows á máa wà bí èyí tó ṣì ń sùn, Linux á sì kọ̀ láti kọ nǹkan sórí rẹ̀.

Kíka Task Manager

Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sinmi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn tó bá tàn, torí pé kò sí kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ kì í pọ̀ fún nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Task Manager. Lórí Windows 10, tó bá kéré, ẹ tẹ More details. Ẹ tẹ orí òpó CPU, kí ètò tó ń jẹ jù lọ bọ́ sókè. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Memory àti Disk náà.

CPU. Tí ètò kan bá dúró sókè láìwálẹ̀, òun ni ẹ máa bi. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Ká ní processor yín ní logical processors 8 (nọ́ńbà náà wà ní Performance, CPU), ètò tó bá há sójú kan lè máa jẹ ọ̀kan nínú wọn tán, kó sì jẹ́ pé 12 tàbí 13% péré ni á máa hàn ní Details. Nọ́ńbà yẹn kéré lójú, bẹ́ẹ̀ ètò náà ti há. Ní Details yìí kan náà, System Idle Process lè wà ní 95%. Iye agbára tí ẹnikẹ́ni ò lò nìyẹn, ẹ má dà á láàmú.

Memory. Tó bá ń kọjá 85 sí 90% nígbà gbogbo, Windows á máa kó nǹkan láti inú RAM lọ sórí disk, á sì tún máa kó o padà, ibẹ̀ sì ni ìfàsẹ́yìn ti ń wọlé. Bíráwúsà ló sábà máa ń jẹ ẹ́ jù. Nínú Chrome, Shift+Esc máa ń ṣí Task Manager tiẹ̀, ẹ ó rí táàbù àti àfikún tó ń jẹ RAM. Fún Windows 11, 4 GB ni ó kéré jù tí Microsoft gbà, àmọ́ ìyà ni. 8 GB tó fún lẹ́tà kíkọ àti bíráwúsà, 16 GB ló dáa fún ẹni tó ń ṣe fídíò tàbí tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Kí ẹ tó ra RAM, ẹ wo Performance, Memory, níwájú Slots used. Tó bá kọ 1 of 2, àyè ṣì wà. Form factor náà wà níbẹ̀: SODIMM ni ti laptop, DIMM ni ti desktop, ọ̀kan ò lè wọ inú àyè èkejì. DDR4 ò sì lè wọ àyè DDR5. Tí ẹ bá ní RAM méjì tó jọra, ó sàn ju ẹyọ kan tó tóbi lọ, torí pé processor á lè máa bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Disk ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ohun tí ẹ máa rí lórí kọ̀ǹpútà tó ti lo ọdún díẹ̀ ni pé Disk wà ní 100%, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń kà ò ju 2 MB/s lọ. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ pọ̀. Hard disk àtijọ́ ní abẹ́rẹ́ tó gbọ́dọ̀ máa sáré kiri lórí àwo tó ń yí, bí ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ láti ìpẹ̀kun ọjà kan sí èkejì láìdúró. Ìrìn ló ń jẹ àkókò rẹ̀, kì í ṣe kíkà. Tó bá ń ka fáìlì ńlá kan léra léra, ó lè ṣe 100 sí 200 MB/s. Tó bá jẹ́ fáìlì kéékèèké káàkiri, ó máa ń wálẹ̀ sí 1 tàbí 2. Windows sì rèé, fáìlì kéékèèké ló ń kà jù.

Ní Performance, Disk, ẹ wo Average response time. SSD tó dáa kì í sábà ju ìwọ̀nba ms díẹ̀ lọ (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Hard disk tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè máa ṣe 10 sí 30 ms. Tó bá ń fò lọ sí 500 tàbí 2000 ms nígbà tí kò sí iṣẹ́ gidi kan lórí rẹ̀, ẹ fura sí disk náà gan-an. Kí ẹ lè mọ fáìlì tó ń kà, ẹ tẹ Windows+R, ẹ kọ resmon, ẹ lọ sí Disk. Tó bá jẹ́ Antimalware Service Executable, SearchIndexer tàbí Windows Update lẹ rí, ẹ fún un ní wákàtí kan tàbí méjì kó parí iṣẹ́ rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn update ńlá.

Ìgbà yẹn ló wá kan kí ẹ bi disk fúnra rẹ̀ léèrè. Ẹ lo CrystalDiskInfo, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má kàn wo Good tó kọ sókè kí ẹ sì kọjá lọ. Lórí hard disk, ìlà mẹ́ta ni kí ẹ wò: 05 (Reallocated Sectors), C5 (Current Pending Sectors) àti C6 (Uncorrectable). Òdo ló yẹ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́. Tí ọ̀kan bá ti kúrò ní òdo, tó sì ń pọ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì, disk yẹn ti ń lọ. Ẹ kó fáìlì yín kúrò lónìí. C7 (CRC Error) yàtọ̀: wáyà SATA, èyí tó so disk mọ́ motherboard, ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà náà, ẹ tún un kì bọ inú rẹ̀ tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà àtijọ́ náà ò ní padà sí òdo, àmọ́ kò yẹ kó tún máa lọ sókè.

Ọ̀pọ̀ ló ti pa disk tiwọn níbí: wọ́n rí i pé ó ń ṣàìsàn, ni wọ́n bá sáré lọ kọ chkdsk C: /r. Àṣẹ yẹn máa ń ka gbogbo ojú disk láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó lè gba wákàtí púpọ̀, disk tó ń kú lọ sì lè kú sẹ́nu rẹ̀. Ẹ kó fáìlì kúrò ná.

Tí hard disk bá ṣì dáa àmọ́ tó ń falẹ̀, kò sí àtúnṣe kankan lórí Windows tó lè tó kí ẹ fi SSD rọ́pò rẹ̀. SSD oní-SATA máa ń ṣe nǹkan bí 550 MB/s, ó sì ń wọ ibi tí hard disk laptop wà tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lo àyè M.2 (àyè tó wà lórí motherboard fún SSD pẹlẹbẹ), ẹ kọ́kọ́ wo ìwé motherboard yín: àyè M.2 kan wà tó jẹ́ SATA nìkan ló ń gbà, òmíràn NVMe (irú SSD tó yára ju SATA) nìkan, òmíràn méjèèjì. Ojú lásán ò lè sọ ọ́.

Ooru. Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó wúwo, ẹ wo Performance, CPU. Tí Utilization bá ga àmọ́ tí Speed wálẹ̀ ju Base speed lọ, bóyá base jẹ́ 2.40 GHz kó sì máa ṣe 0.80, processor ń fà sẹ́yìn kó má bàa jóná. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ iná kúrò lára rẹ̀, ẹ fi atẹ́gùn agolo fẹ́ eruku kúrò láwọn ihò àti lára fáànù. Ẹ fi ìka di fáànù mú nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ, kó má máa yí kọjá agbára rẹ̀. Lórí desktop tó ti pẹ́, òróró (thermal paste) tó wà láàárín processor àti irin tó ń mú un tutù lè ti gbẹ: ẹ nu ti àtijọ́ kúrò pẹ̀lú isopropyl alcohol, ẹ fi ẹ̀kán kékeré sí àárín, kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀wà kékeré kan lọ. Lórí laptop, ẹ tún wo charger: tí agbára rẹ̀ ò bá tó, àwọn laptop kan máa ń dín iyára processor kù.

Àwọn ètò tó ń bá Windows dìde

Nínú Task Manager, ẹ lọ sí Startup apps (Startup lórí Windows 10), ẹ to òpó Startup impact, ẹ wo àwọn tó jẹ́ High. Ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, ètò eré, ètò tó ń wá update prínítà: ẹ tẹ Disable. Kò pa ètò náà rẹ́, kò kàn ní máa dìde fúnra rẹ̀ mọ́ ni. Ẹ fi ti ohùn, touchpad àti ààbò sílẹ̀.

Tí ẹ bá fura pé ètò kan ló ń dá wàhálà sílẹ̀ àmọ́ tí ẹ ò mọ èwo, ẹ tẹ Windows+R, ẹ kọ msconfig, ẹ lọ sí Services. Ẹ kọ́kọ́ fi àmì sí Hide all Microsoft services. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, tó sì tẹ Disable all, lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tẹ Disable all, kí ẹ sì Restart. Tí ìṣòro bá lọ, ẹ tan ìdajì wọn padà, ẹ tún Restart. Tó bá padà, inú ìdajì yẹn ló wà. Tí kò bá padà, ó wà nínú ìdajì kejì. Service 16 ò gbà ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ kí ẹ tó dé orí ẹyọ kan tó ń fa wàhálà.

Àyè nínú disk náà ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ó tó 15% tó ṣófo. Settings, System, Storage, Temporary files ni kí ẹ gbà. Ẹ kíyè sí i pé Downloads wà nínú ohun tó ń tò síbẹ̀, ẹ má fi àmì sí i láìmọ̀. Windows.old (fódà tí Windows àtijọ́ wà) máa ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí ẹ bá ti bọ́ sórí Windows tuntun. Fódà WinSxS tóbi lójú, ẹ má fọwọ́ pa nǹkan kan nínú rẹ̀. Èyí ni àṣẹ tó ń dín in kù:

dism /online /cleanup-image /startcomponentcleanup

Ètò tó ń "fọ registry" ò ní ìwúlò kankan lọ́dọ̀ wa. Àyè tó ń gbà padà ò tó nǹkan, ohun tó lè bà jẹ́ sì pọ̀.

Nígbà tí fáìlì Windows fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́

Àmì rẹ̀ ni pé Start ò ṣí, Settings ń pa ara rẹ̀ dé, update ń kùnà léra léra. Ẹ ṣí Terminal (Admin), ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe wà yìí:

dism /online /cleanup-image /restorehealth

sfc /scannow

Ìdí tí DISM fi ṣáájú ni pé sfc máa ń mú fáìlì tó dáa látinú àkójọ kan tó wà lórí disk yín. Tí àkójọ náà bá ti bàjẹ́, kò ní rí ohun tó máa fi tún nǹkan ṣe. DISM ló ń tún àkójọ yẹn ṣe, láti Windows Update, torí náà íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà. Ó lè dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ má pa á. Tí sfc bá ní òun rí fáìlì tó bàjẹ́, òun sì tún wọn ṣe, ẹ Restart kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ní òun ò lè tún àwọn kan ṣe, orúkọ wọn wà nínú C:\Windows\Logs\CBS\CBS.log, níbi tí ẹ ti lè wá [SR].

Fún disk, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú chkdsk C: /scan, tó ń ṣiṣẹ́ láìsí pé ẹ pa Windows. Tó bá rí àṣìṣe ni kí ẹ tó lo chkdsk C: /f, kí ẹ dáhùn Y, kí ẹ sì Restart.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń kú lójijì

Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé búlúù tó máa ń yọ nígbà tí Windows bá kú (ó lè jẹ́ dúdú lórí Windows 11 tuntun). Orúkọ tó wà nísàlẹ̀, tó jẹ́ lẹ́tà ńlá, ló wúlò, pàápàá tí What failed bá dárúkọ fáìlì tó parí sí .sys. DRIVER_IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL sábà máa ń jẹ́ driver. MEMORY_MANAGEMENT sábà máa ń tọ́ka sí RAM. WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR jẹ́ ti ohun èlò: ooru, iná tí kò tó, tàbí processor tí wọ́n ti fipá mú sáré. INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE túmọ̀ sí pé Windows ò rí disk tirẹ̀ mọ́. Tí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú BIOS, ẹ lọ wò ó bóyá ó ti yí AHCI padà sí RAID tàbí òdìkejì rẹ̀.

Tí kò bá sí ojú ìwé kankan, tó kàn kú pii, ẹ kọ perfmon /rel nínú Windows+R. Reliability Monitor á to ọjọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tó kú àti ohun tí ẹ gbé wọlé lọ́jọ́ náà. Ìṣòro tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí driver tuntun wọlé kò ṣòroó mọ̀. Nínú Event Viewer, ẹ máa rí Kernel-Power 41. Ọ̀pọ̀ máa ń kà á sí ìdí ìṣòro náà. Kì í ṣe ìdí, ó kàn ń sọ pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé Windows ló pa á ni. Tí BugcheckCode nínú Details rẹ̀ bá jẹ́ 0, ẹ kọjú sí iná, power supply àti ooru kí ẹ tó kọjú sí driver.

Bí RAM lẹ bá fura sí, ẹ kọ mdsched nínú Windows+R. Ìdánwò yẹn ò jinlẹ̀. MemTest86 tó ń bẹ̀rẹ̀ látorí USB ló jinlẹ̀, ẹ jẹ́ kó sá títí mọ́jú. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti pọ̀ jù. Tí ẹ bá rí i, ẹ pa XMP (ìṣètò tó ń mú RAM sáré ju bó ṣe yẹ lọ) nínú BIOS kí ẹ tún dán an wò, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ RAM kí ó ku ẹyọ kan, kí ẹ máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Driver tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: Device Manager, ẹ tẹ orúkọ ohun èlò náà lẹ́ẹ̀mejì, Driver, Roll Back Driver.

Nígbà tí Windows ò bá dìde rárá

Ẹ tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ títí kọ̀ǹpútà á fi kú, ní gbàrà tí àmì Windows bá yọ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, Windows á sì gbé yín lọ sí ibi àtúnṣe. (Tí ẹ bá ṣì lè dé ojú ibi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ má pa á lápàpàǹdodo bẹ́ẹ̀: ẹ di Shift mú kí ẹ tẹ Restart.) Ẹ yan Troubleshoot, Advanced options, kí ẹ sì gbà á báyìí: Startup Repair, lẹ́yìn náà Uninstall Updates, tó bá jẹ́ lẹ́yìn update ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà System Restore. Fún Safe Mode (Windows tó dìde pẹ̀lú driver tó ṣe kókó nìkan), ẹ gba Startup Settings, Restart, ẹ tẹ 4, tàbí 5 tí ẹ bá fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Tí kọ̀ǹpútà bá ṣe dáadáa nínú Safe Mode, ara Windows le. Driver tàbí ètò tí ẹ gbé wọlé ló ń dà á láàmú.

Àwọn fáìlì yín ṣì wà nínú rẹ̀? Ẹ ṣí Command Prompt níbi àtúnṣe yìí, ẹ kọ notepad. Ẹ tẹ File, Open, ẹ yí irú fáìlì sí All Files. Fèrèsé kékeré yẹn á jẹ́ kí ẹ lè fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì da fódà kọ láti disk yín sórí USB. Lẹ́tà disk lè yàtọ̀ níbẹ̀, kí C: di D:.

Reset this PC ló kẹ́yìn. Keep my files á fi fáìlì yín sílẹ̀, àmọ́ gbogbo ètò tí ẹ gbé wọlé á lọ. Cloud download máa ń wa Windows tuntun jáde, nǹkan bí 4 GB; òun ló dáa tí ẹ̀dà tó wà lórí disk bá ti bàjẹ́.

Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ kọ ipconfig nínú Terminal. Tí IPv4 (àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà yín) bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà ò rí àdírẹ́sì gbà lọ́wọ́ router. Ẹ pa router kí ẹ tún un tàn, tàbí kí ẹ lo ipconfig /renew. Tí àdírẹ́sì bá dáa, ẹ kọ ping 8.8.8.8. Tí ìyẹn bá dáhùn àmọ́ tí ping google.com ò dáhùn, DNS (ohun tó ń yí orúkọ ìkànnì padà sí nọ́ńbà) ni: ipconfig /flushdns, tàbí kí ẹ yí DNS padà sí 1.1.1.1. Netsh winsock reset pẹ̀lú Restart ni ti ìgbẹ̀yìn, ó wúlò lẹ́yìn tí ètò VPN tàbí ètò ààbò bá bàjẹ́.

Linux àti Mac

Lórí Linux, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú df -h, torí pé / tó bá kún lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa dá yín padà síbi ọ̀rọ̀ aṣínà láìsí àlàyé. Tí ojú bá háǹgì, Ctrl+Alt+F3 máa ń gbé yín lọ síbi tí ẹ ti lè kọ àṣẹ. systemd-analyze blame á sọ ohun tó ń fa ìdádúró nígbà títàn. journalctl -b -1 -p err á sọ àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ kó tó kú kẹ́yìn. smartctl -a /dev/sda ló ń ṣe iṣẹ́ CrystalDiskInfo. Ẹ má ṣe lo fsck lórí disk tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Lórí Mac, Activity Monitor ni Task Manager; Memory Pressure ni kí ẹ wò, kì í ṣe Memory Used. Fún Safe Mode lórí Mac oní-M1 àti àwọn tó tẹ̀ lé e: ẹ pa á, ẹ tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ títí startup options á fi yọ, ẹ yan disk, ẹ di Shift mú, ẹ tẹ Continue in Safe Mode. Tó bá jẹ́ oní-Intel, Shift nìkan lẹ máa dì mú bó ṣe ń dìde.

Nígbà tó bá ti yá

Windows+V máa ń tọ́jú ohun 25 tí ẹ dà kọ kẹ́yìn, tí ẹ bá ti tàn án. Windows+Ctrl+Shift+B máa ń tún driver ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ojú bá ṣókùnkùn àmọ́ tí ohùn ṣì ń dún. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì iná. powercfg /batteryreport ń kọ ìròyìn bátìrì laptop: ẹ fi Full Charge Capacity wé Design Capacity, tí ti àkọ́kọ́ bá ti wálẹ̀ sí ìdajì, bátìrì ti gbó. winget upgrade á to gbogbo ètò tó ní ẹ̀dà tuntun. Winget upgrade --all á mú wọn wọlé pa pọ̀.

Windows 10 ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Microsoft láti October 14, 2025. Tí kọ̀ǹpútà yín bá sọ pé òun ò lè gba Windows 11, ẹ kọ tpm.msc nínú Windows+R kí ẹ tó gbà á gbọ́. Lórí ọ̀pọ̀ desktop, TPM 2.0 (ohun ààbò tí Windows 11 ń béèrè) wà níbẹ̀, wọ́n kàn pa á nínú BIOS ni: PTT ni wọ́n ń pè é lórí Intel, fTPM lórí AMD. Kí ẹ tó wọ inú BIOS lọ tàn án, ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà BitLocker oní-dígíìtì 48 yẹn wà lọ́wọ́ yín.